Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rí Iṣẹ́ Dókítà Kí Ó Tó Yàn Án

Lọ́dọọdún, nígbà tí àjọ JAMB bá ṣí ètò ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń du jù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 16 tàbí 17 lọ. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi yan iṣẹ́ náà, wọn a ní òbí àwọn ló fẹ́ ẹ, tàbí pé olùkọ́ ló sọ pé orí àwọn pé, tàbí pé àwọn fẹ́ ran ọmọ aráyé lọ́wọ́. Èsì wọ̀nyí kò burú. Àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ti rí bí dókítà ṣe ń lo ọjọ́ kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di alẹ́. Orí bẹ́ńṣì aláìsàn ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ dókítà, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó ń gbèrò láti di dókítà wá àyè tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó tó yan ẹ̀kọ́ tí yóò gba ọdún 6 ó kéré tán nínú ayé rẹ̀.

Kí ni títẹ̀lé dókítà lẹ́nu iṣẹ́?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í dédé gbé ẹ̀rọ tàbí sípánà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yóò kọ́kọ́ dúró ti ọ̀gá rẹ̀, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ náà ni èyí, àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀. Wíwò nìkan ni iṣẹ́ ẹni tí ó tẹ̀lé dókítà. Kò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ di ojú ọgbẹ́, kò sì gbọdọ̀ sọ fún aláìsàn pé oògùn báyìí ni kí ó lò.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kí wọ́n tó kọ̀wé béèrè fún àyè, wọ́n máa ń tẹ̀lé dókítà kiri, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ní Bìrìtéènì, níbi tí ọmọ ti lè ti ilé ẹ̀kọ́ girama wọlé tààrà bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa, kò pọn dandan kó jẹ́ ilé ìwòsàn ni yóò ti rí i. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tàbí lọ́dọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara tó fún ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀.

Bí a bá sì wo ìtàn, ètò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní àwọn ọdún 1860, dókítà kan tí ìjọ CMS rán wá sí Abẹ́òkúta, A. A. Harrison, kó àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan jọ sọ́dọ̀, ó sì ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìṣègùn. Nathaniel King wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni King lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Bìrìtéènì, tí ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Èkó títí ó fi kú ní ọdún 1884. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ dókítà òyìnbó ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì ní Nàìjíríà

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: títẹ̀lé dókítà kò ní fi máàkì kan kún máàkì JAMB. Ohun tí wọ́n ń wò ni èsì ìdánwò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́místírì àti bàòlọ́jì, pẹ̀lú èsì WAEC tàbí NECO. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá ọmọ mọ iṣẹ́ náà, òun àti àwọn òbí rẹ̀ ni ó kù tí wọ́n lè béèrè.

Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà fún ẹni tí ó bá gba ọ̀nà UTME wọlé. Inú kíláàsì àti yàrá àyẹ̀wò ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà jù ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Nǹkan bí ọdún kẹrin ni ọ̀pọ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti ibùsùn aláìsàn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí, ọdún kan ṣì wà fún iṣẹ́ lábẹ́ àwọn dókítà àgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní housemanship, àti ọdún kan fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọdún kẹrin ni ó tó mọ̀ pé òun kò lè fara da iṣẹ́ náà ti pàdánù ọ̀pọ̀ àkókò, owó òbí rẹ̀ sì ti lọ.

Ohun tí ojú yóò rí

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò yóò rí i pé iṣẹ́ dókítà kọjá ẹ̀wù funfun àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Láàárọ̀, dókítà àgbà àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Wọn a béèrè bí aláìsàn ṣe sùn, wọn a wo èsì àyẹ̀wò, wọn a kọ ọ́ sí fáìlì. Ìwé kíkọ pọ̀ níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni ogunlọ́gọ̀ tí ń dúró níta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: ìyá tí gìrì mú ọmọ rẹ̀, bàbá tí ó ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

Yóò rí dókítà tí ó mọ oògùn tí yóò wo àìsàn náà, tí ẹbí kò sì rówó rà á, nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ni ó ń fi owó àpò ara wọn tọ́jú ara wọn. Yóò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún ẹbí. Yóò rí i pé dókítà kò dá ṣe é. Nọ́ọ̀sì, apòògùn àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n jọ ń gbé e. Yóò sì rí àárẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ dókítà ti kọjá sí òkè òkun, iṣẹ́ wọn sì já lé àwọn tí ó kù léjìká.

Ewu náà wà níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2014, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó kò gbà kí aláìsàn tí ó gbé àrùn Ebola wọ Nàìjíríà kúrò ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ wọn. Àrùn náà ràn án, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún náà. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ èyí kí ó tó sọ pé òun fẹ́.

Bí a ṣe lè ṣètò rẹ̀

Àkókò tí ó dára jù ni ìsinmi gígùn ìparí SS 2, kí ìforúkọsílẹ̀ JAMB tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti kọjá ibẹ̀ ṣì lè ṣe é, nítorí pé JAMB máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀kọ́ tí ó yàn.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwòsàn, kì í ṣe sí dókítà nìkan. Kí òbí fọwọ́ sí i, kí ilé ẹ̀kọ́ sì kọ ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn aládàáni tí ó sún mọ́ ilé, tàbí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, lè tètè gbà ju ilé ìwòsàn ńlá lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ rí ibi méjì tí ó yàtọ̀ síra, nítorí pé iṣẹ́ dókítà ní ìgbèríko àti ní ilé ìwòsàn ńlá kò rí bákan náà. Ọjọ́ 3 sí 5 tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ aláìsàn ló ṣáájú

Àìsàn ènìyàn kì í ṣe ìran wíwò. Kí ọmọ tó wọlé, dókítà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó jẹ́ fún aláìsàn, kí ó sì gba àṣẹ. Bí aláìsàn bá ní òun kò fẹ́, kí ọmọ jáde láìjanpata. Abala 26 nínú òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìlera aláìsàn. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí àwòrán, kò gbọdọ̀ sí fídíò, orúkọ aláìsàn kò sì gbọdọ̀ dé ilé, pàápàá ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọra.

Kí ọmọ máa fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ yàrá aláìsàn àti nígbà tí ó bá jáde. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀. Ó dára kí ó ti gba àjẹsára hepatitis B ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gún un láàárín oṣù 6, nítorí náà kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bí i Oǹdó àti Ẹdó, níbi tí ibà Lassa ti máa ń jà jù lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kí ó tẹ̀lé ìkìlọ̀ ilé ìwòsàn ní kíkún. Bí òòyì bá kọ́ ọ nígbà tí ó rí ẹ̀jẹ̀, kí ó sọ ọ́ kíákíá, kí ó sì jókòó. Kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣe dókítà; ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ lónìí.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn òbí

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ibẹ̀ dé, ẹ má ṣe bi í bóyá inú rẹ̀ dùn nìkan. Ẹ bi í ní ohun tí ó rẹ̀ ẹ́, ohun tí ó bà á lẹ́rù àti ohun tí ó wù ú láti tún padà lọ wò. Bí ó bá ní iṣẹ́ náà kò wu òun, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti apòògùn tàbí ti yàrá àyẹ̀wò ni ọkàn rẹ̀ fà sí níbẹ̀, gbogbo wọn ni aláìsàn sì nílò. Èyí tí ó bá sì rí gbogbo rẹ̀, tí ó ṣì ní dókítà ni òun yóò ṣe, ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó múra sí ìwé rẹ̀.