Ìsọ̀rí Òpó nínú Fáìlì Ọ̀rọ̀ Lásán: Iye Ni tàbí Ìtò Àmì?

Nínú gbogbo fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán wà lára èyí tí ó rọrùn jù lọ. Ìlà kan dúró fún ẹni kan tàbí ohun kan. Kọ́mà ni ó sì ya òpó kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní CSV, ti wà tipẹ́ kí ìwé RFC 4180 tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 2005. Síbẹ̀, ìwé náà kò yan ìsọ̀rí kankan fún òpó. Àmì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá kà á ni yóò pinnu ohun tí ó jẹ́.

Ibi ìpinnu yìí gan-an ni ewu wà. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà ní àmì 11, òdo ni ó sì máa ń ṣíwájú. Bí kọ̀ǹpútà bá kà á sí iye, òdo náà yóò pòórá, nítorí pé òdo iwájú kò fi ohunkóhun kún iye. Àmì 10 ni yóò kù, nọ́ńbà náà kò sì ní ṣeé pè mọ́ bí ó ti wà. Irú àṣìṣe yìí náà ni ó fà á tí ìgbìmọ̀ tí ń sọ jíìnì ọmọ ènìyàn lórúkọ fi kéde ní 2020 pé MARCH1 ti di MARCHF1, SEPT1 sì ti di SEPTIN1. Ètò Excel máa ń sọ àwọn orúkọ àtijọ́ náà di ọjọ́ inú oṣù.

Ètò SQLite, tí D. Richard Hipp gbé jáde ní 2000, fún wa ní ọ̀nà àbáyọ. Ní ìlà àṣẹ, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, a ó tẹ sqlite3 pẹ̀lú orúkọ fáìlì ìpamọ́. Kí a tó kó CSV wọlé, a ó yan ìsọ̀rí òpó kọ̀ọ̀kan:

CREATE TABLE akeko (oruko TEXT, foonu TEXT, ojo_ori INTEGER);
.import --csv --skip 1 akeko.csv akeko

"--skip 1" ni ó ń fo ìlà kìíní tí ó ní orúkọ àwọn òpó. Bí a bá kọ INTEGER fún foonu, òdo yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ TEXT, yóò dúró. Ṣùgbọ́n SQLite kì í le koko: bí a bá fi "ogún" sínú òpó INTEGER, yóò gbà á bí ọ̀rọ̀. Láti ẹ̀yà 3.37.0 ti 2021, bí a bá fi STRICT parí àṣẹ CREATE TABLE, yóò kọ̀ ọ́.

Kí ni kí olùkọ́ pe àwọn nǹkan wọ̀nyí? "Odidi nọ́ńbà" bá ẹ̀kọ́ ìṣirò mu, ṣùgbọ́n ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà níhìn-ín, nítorí "nọ́ńbà" náà ni a ń pe ti fóònù. "Odidi iye" sàn jù fún INTEGER: ohun tí ó ní iye ni a ń rò pọ̀, kò sì sí ẹni tí ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀. "Ìtò àmì" yẹ TEXT. "Ìsọ̀rí" ni ó sì yẹ kí ó kó gbogbo wọn pọ̀, nítorí ó ti fìdí múlẹ̀ nínú gírámà. Ìrísí kan náà ni "ní" ní nínú "Olú ní ilé" àti "Olú wà ní ilé". Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni ọ̀pọ̀ gírámà pe èkejì. Iṣẹ́ ni ó ń fi ìsọ̀rí hàn, kì í ṣe ìrísí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ àṣẹ, ìbéèrè kan ni kí ó bi ara rẹ̀: ǹjẹ́ a lè fi èyí ṣe ìṣirò? Bí kò bá ṣeé ṣe, ìtò àmì ni, bí ó tilẹ̀ jọ iye.