Ọgbà Ìmọ̀ Ewéko: Láti Etí Adágún Yúróòpù dé Etí Ọ̀sà Èkó

Lára àwọn ibi tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń yà sí nígbà ìsinmi nílẹ̀ Yúróòpù ni ọgbà ìmọ̀ ewéko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa ń ya fọ́tò níbẹ̀ tí wọn yóò sì jáde láìmọ ohun tó mú un yàtọ̀ sí ọgbà ìgbafẹ́. Ọgbà ìgbafẹ́ ni ibi tí wọ́n gbin igi àti òdòdó sí kí ara lè tu ènìyàn. Ọgbà ìmọ̀ ewéko ní tirẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti kó oríṣiríṣi ewéko jọ fún ẹ̀kọ́, tí igi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ lára, tí àkọsílẹ̀ sì wà nípa ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti wá, ẹni tó mú un wá àti ọdún tó dé. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣì wà lójú ibi tí wọ́n dá a sí ni ti ìlú Padua ní Ítálì, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún yunifásítì ibẹ̀ lọ́dún 1545, kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lè máa fojú ara wọn dá ewé mọ̀ kí wọ́n tó fi wo aláìsàn, nítorí pé ẹni tó bá ṣi ewé já lè pa ẹni tó fẹ́ wò sàn.

Àwọn kan nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà létí adágún, ìyẹn omi ńlá tó dúró sójú kan, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà nìkan. Omi kì í tètè gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè tutù, nítorí náà, ooru tí adágún bá gbà sára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò máa tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù, tí ìrì dídì kò fi ní rí ewéko etí rẹ̀ pa bó ṣe ń pa ti ibòmíràn. Ohun tó jẹ́ kí àwọn igi ilẹ̀ olóoru kan lè yè létí adágún Maggiore nìyí, èyí tó wà láàárín Ítálì àti Switzerland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òkè Alps tí yìnyín bò kò jìnnà síbẹ̀. Ní apá Ítálì, ará Scotland kan tó ń jẹ́ Neil McEacharn ra ilẹ̀ ní Verbania lọ́dún 1931, ó sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n ń pè ní Villa Taranto, wọ́n sì ṣí i fún aráyé lọ́dún 1952. Ní apá Switzerland, àwọn erékùṣù Brissago tó wà láàárín adágún kan náà di ọgbà ewéko tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ lọ́dún 1950.

Ṣùgbọ́n ooru adágún kò tó igi ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò tó kòkó. Irú ewéko báyìí, abẹ́ ilé onígíláàsì tí wọ́n ń dá ooru sí ni wọ́n ń gbé ní Yúróòpù, bíi Ilé Ọ̀pẹ tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1844 sí 1848 sínú ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá tó bá wọlé ti lè bá ohun tó ń hù lẹ́yìn ilé ìdáná ní ìlú rẹ̀ nínú ìkòkò, pẹ̀lú orúkọ Látìn lára.

Ìṣin jẹ́ àpẹẹrẹ rere bí ewéko ilẹ̀ Yorùbá ṣe dé inú ìwé àwọn ọgbà wọ̀nyí. Igi tó wọ́pọ̀ ní àgbègbè Muṣin ní Èkó láyé àtijọ́ ni, débi tí àwọn àgbà fi ń sọ pé òun ló bí orúkọ ìlú náà. Èso rẹ̀ máa ń pupa bó bá gbó, yóò là sí mẹ́ta fúnra rẹ̀ lórí igi, kóró dúdú mẹ́ta tó ń dán yóò sì yọ síta, kálukú lórí ẹran tó ní àwọ̀ bíi bọ́tà, ẹran yìí sì ni jíjẹ. Èyí tí kò tíì là fúnra rẹ̀ ní májèlé tó lè mú ènìyàn bì títí tí yóò fi kú, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fipá la ìṣin. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé irúgbìn ìṣin láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Jàmáíkà lọ́dún 1778. Ní 1793, ọ̀gákọ̀ William Bligh kó o láti Jàmáíkà lọ sí Kew, àwọn onímọ̀ sì fi orúkọ rẹ̀ sọ igi náà ní Blighia sapida. Lónìí, ìṣin ni èso tí orílẹ̀-èdè Jàmáíkà fi ṣe àmì ara rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹja oníyọ̀ sè, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Muṣin kò tíì rí igi rẹ̀ rí.

Èkó náà ti ní ọgbà ìmọ̀ ewéko etí omi tirẹ̀ rí. Lọ́dún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ibùdó ewéko kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, létí ọ̀sà, ní ibi tí kò jìnnà sí Muṣin, ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí ti Aburí ní Gánà òde òní. Kì í ṣe fún ìgbafẹ́ ni. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ni òwò Èkó gbára lé nígbà náà, owó wọn sì ti ń já wálẹ̀ ní ọjà òyìnbó, nítorí náà ni ìjọba amúnisìn ṣe ń wá ohun ọ̀gbìn mìíràn bíi kòkó, kọfí àti rọ́bà tó lè mú owó wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó náà ń gbin irúgbìn sínú ebè ìtọ́jú, wọ́n ń wo èyí tí ilẹ̀ Èkó gbà, wọ́n sì ń pín ọ̀gbìn fún àwọn àgbẹ̀. Ní 1890, Henry Millen tó ti ṣiṣẹ́ ní Kew wá di alábòójútó ibẹ̀, ó sì ń kó ewé àti òdòdó igbó ilẹ̀ Yorùbá ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè bá a dá wọn mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ibùdó yìí ló kọ́kọ́ mú kòkó wá: oníṣòwò kan ní Èkó, James Pinson Labulo Davies, ti ń gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọ́n láti nǹkan bí ọdún 1880, kí Moloney tó di gómìnà.

Ọ̀rọ̀ igi ìré ló fi ìwúlò irú ọgbà bẹ́ẹ̀ hàn jù, ó sì fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn pẹ̀lú. Ìré jẹ́ igi inú igbó tí oje funfun rẹ̀ ń di rọ́bà. Nǹkan bí ọdún 1894 ni àwọn tó mọ bí a ṣe ń gba oje igi ti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, wọ ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tó sì fi máa di 1895, rọ́bà tí wọ́n kó gba Èkó lọ sókè òkun ti lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan ṣoṣo. Wọ́n ń kọ ara igi láti ìdí dé òkè, wọ́n sì ń padà sórí rẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, èèpo tí a bá sì bó yíká ti já ọ̀nà ọ̀fun igi náà. Láàárín ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ igi ìré ti kú, òwò náà sì wó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa gbin ìré dípò kí wọ́n máa wá a kiri, ìṣòro mìíràn yọjú: igi méjì tó jọra ni àwọn onímọ̀ ń pè ní orúkọ kan náà, ọ̀kan ń mú rọ́bà tó dára wá, oje èkejì sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lásán. Paul Preuss, ará Jámánì tó jẹ́ olórí ọgbà ewéko tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ létí òkun ní Limbe ní Kamẹrúùnù lọ́dún 1892, ló ya ìré tòótọ́ sọ́tọ̀ ní 1899, Otto Stapf ti Kew sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, Funtumia elastica, ní 1901. Òye dé lẹ́yìn tí igbó ti ṣófo.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kò gbé ọgbà náà pẹ́. Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó lọ́dún 1896 ṣí ọ̀nà sí igbó òkè, ní 1899 ni wọ́n sì ya igbó Ọlọ́kẹmẹjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú igi. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú iṣẹ́ yìí lónìí láìwọ ọkọ̀ òfurufú lè lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọka, tó wà létí ọ̀sà, tó sì ní ọgbà ewéko àti àkójọ ewé gbígbẹ, ìyẹn ewé, òdòdó àti èso tí wọ́n tẹ̀ gbẹ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pépà, tí wọ́n sì kọ orúkọ àti ibi tí wọ́n ti já a sí i lára. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, ní ewé tó lé ní 100,000. Ní Ìbàdàn kan náà ni Agodi Gardens wà, létí adágún, láti 1967. Ìkún omi odò Ògùnpa ti 1980 bà á jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe fún ìgbafẹ́.

Muṣin kò ní ọgbà ìmọ̀ ewéko, ṣùgbọ́n ó ní ọjà Ojúwòyè, níbi tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti lẹ́kúlẹ́jà ti ń ta ewé, egbò, èèpo àti èso fún ìwòsàn. Ìmọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò wọ̀nyí kò kéré: wọ́n mọ àìdan, wọ́n mọ egbò ìpẹta, wọ́n sì mọ asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú alárùn ọpọlọ kí àwọn onímọ̀ tó rí èròjà reserpine nínú rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ni pé inú igbó ni púpọ̀ nínú ọjà wọn ti ń wá, àti pé ẹni tó bá já ewé lè padà já òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wú egbò ti pa igi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bó èèpo ìré yíká ṣe pa á.

Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀, yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wé bá fẹ́ dá ọgbà ìmọ̀ ewéko sílẹ̀ ní àgbègbè yìí, kò pọn dandan kó ní adágún tàbí ilé onígíláàsì, nítorí pé ooru tí Kew ń fowó rà, ọ̀fẹ́ ni ní Èkó. Ilẹ̀ kékeré tó, bí àwọn tó ń ta egbò bá jókòó ti àwọn tó ń kọ orúkọ ewéko sílẹ̀, tí wọ́n sì fi àwọn ewéko tí a ń ta egbò àti èèpo wọn bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ni òwò lè tètè run. Ibùdó Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ń wá ohun tí ọjà òkè òkun fẹ́ rà. Èyí tí Muṣin nílò ni èyí tí yóò máa fún Ojúwòyè ní ohun tí yóò tà lọ́dún tó ń bọ̀.