Ẹni Tí Ń Kan Ìlẹ̀kùn Aboyún

Kò sí ìlú Yorùbá tí a kì í ti gbàdúrà fún aboyún pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Bí ó bá sì ti sọ̀ tán, ohun tí a ó kọ́ wí fún un ni pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń gba ọ̀nà oko lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ewu náà lè fò ìyá àti ọmọ dá.

Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mimiko jẹ́ Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a dá ètò kan sílẹ̀ ní agbègbè Ìfẹ́dọ̀rẹ́ tí a pè ní Abíyè. Àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ rí i pé ìdádúró mẹ́rin ni ó ń pa àwọn ìyá: aboyún a pẹ́ kí ó tó pinnu láti wá ìtọ́jú, bí ó bá pinnu tán, ọ̀nà a dá a dúró, bí ó bá dé ibẹ̀, kì í tètè rí ẹni tọ́jú rẹ̀, bí ọ̀ràn bá sì ju agbára ibẹ̀ lọ, a kì í tètè fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nítorí náà ni a ṣe fi bí aboyún 25 sí abẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa bẹ̀ wọ́n wò nílé. A fún àwọn aboyún ní tẹlifóònù, a sì pèsè kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò máa gbé wọn. Ní ọdún 2010, a ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń tọ́jú wọn láìgba owó nígbà náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí a bá ti bímọ tán, iṣẹ́ parí. Bí ọmọ mẹ́rin bá kú kí wọ́n tó pé oṣù kan, bí mẹ́ta nínú wọn ni kì í pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. Èyí ni pé a kì í tíì sọ wọ́n lórúkọ. Ní ọdún 2009 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gba gbogbo orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí òṣìṣẹ́ ìlera dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ kí ọjọ́ kan tó pé, kí ó tún dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, àti ní ọjọ́ keje bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá dé, yóò kìlọ̀ pé kí a má ṣe fún omi ọyàn àkọ́kọ́ tí ó pupa rúsúrúsú dànù, nítorí oògùn ni fún ọmọ. Kí a má ṣe tètè wẹ ọmọ, kí òtútù má baà mú un. Kí a má sì ṣe fi ohunkóhun tí kò mọ́ sí ìdodo rẹ̀. Ọmọ tí kò mu ọyàn mọ́, tí mímí rẹ̀ ń yára jù, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó tutù rinrin, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá. Ní Gadchiroli, ní ilẹ̀ Íńdíà, Dókítà Abhay Bang àti aya rẹ̀, Rani, kọ́ àwọn obìnrin abúlé 39 ní irú ìtọ́jú báyìí. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ikú ọmọ tuntun níbẹ̀ ti dín ju ìdajì lọ.

Ẹ̀yin ará ìlú àti oníṣòwò, kò sí ẹni tí kò ní abúlé. Ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti í jẹ. Òṣìṣẹ́ tí kò rí owó oṣù rẹ̀ gbà, tí kò sì ní owó ọkọ̀, kò lè kan ìlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá tún relé fún ọdún, kí ẹ tó dá owó aṣọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn àgbà léèrè pé: Ta ni ń bẹ àwọn aboyún wa wò, kí ni ó sì fi ń jẹun?