Aṣọ Ọ̀dà Lọ́rùn Gene Tenace

Bí ẹ bá wo káàdì bésíbọ́ọ̀lù tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977 dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀dà lásán ni aṣọ àti fìlà àwọn kan. Ní ìparí ọdún 1976, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù lómìnira láti yan ẹgbẹ́ tó wù wọ́n. Kò tíì sí fọ́tò wọn nínú aṣọ tuntun, ayàwòrán sì fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ọ̀dà kun aṣọ náà lé ti àtijọ́.

Báyìí ni Reggie Jackson ṣe di ará Yankees, tí Gene Tenace, láti Oakland, di ará San Diego. Ti Jackson ni gbogbo ayé ń wá. Ta ló ń béèrè Tenace? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lóṣòó sẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù, kí ó máa hán bọ́ọ̀lù. Òun kan náà ló gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin kọjá odi pápá nínú World Series 1972, tí wọ́n sì fi í ṣe ẹni tó pegedé jù lọ níbẹ̀.

Ìwọ̀n gbígbá rẹ̀, .241, ni wọ́n fi ń fojú di í. Ṣùgbọ́n ìgbà 984 ló fi sùúrù wo bọ́ọ̀lù tí kò tọ́, tó sì rìn lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yí káàdì náà padà: kò sí àyè fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.