Àrùn Inú Ihò Igi

Orí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bí wọ́n bá gbé odídẹrẹ́ tí ìyẹ́ rẹ̀ ń re wá sọ́dọ̀ wa ní ilé ìwòsàn ẹran. Ẹyẹ tó ń dá gbé inú àgò lè fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀ nítorí pé kò rí ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè dé àtàrí. Bí ìyẹ́ orí náà bá ń re, ọkàn mi a lọ sọ́dọ̀ fáírọ́ọ̀sì kan tí àwa oníṣẹ́ ẹran ń pè ní BFDV.

Ibi tí ìyẹ́ ti ń hù ló máa ń bà jẹ́. Ìyẹ́ tuntun a hù ní wíwọ́, a sì kán. Àgógó ẹlòmíràn a gùn ju bó ṣe yẹ lọ, a là. Agbára tí ara fi ń bá àrùn jà a tán, àìsàn kékeré mìíràn a wá parí iṣẹ́ náà. Ọmọ ẹyẹ ló ń pa jù. Àgbà lè gbé e kiri láìsí àmì kankan, ohun tó sì ń bí mi nínú nípa rẹ̀ nìyẹn. Kì í ran ènìyàn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ó ń bá ìgbẹ́ ẹyẹ jáde, ó ń bá eruku ìyẹ́ fẹ́, ó sì wà nínú oúnjẹ tí ìyá ń bì sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Oògùn apakòkòrò lásán kì í tètè ràn án. Èyí tó burú jù ni pé ó lè pẹ́ gan-an nínú ihò igi. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹbí ayékòótọ́ kì í hun ìtẹ́. Ihò inú igi àgbà ni wọ́n ń wá yé sí. Níbi tí wọ́n bá ti gé igi àgbà tán, ẹ̀yà tí kò jọra á máa du ihò kan ṣoṣo: èyí yé síbẹ̀ lọ́dún yìí, òmíràn gbà á lẹ́yìn náà. Ó dà bí ayálégbé tó kó jáde tó fi ìdun sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Àwọn ẹyẹ méjèèjì lè má fojú kan ara wọn rárá.

Ẹ wo erékùṣù Mauritius nínú Òkun Íńdíà. Wọ́n ní ayékòótọ́ ìbílẹ̀ kan níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, tí èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó kù nínú rẹ̀ kò tó 20 láàárín àwọn ọdún 1980. Carl Jones, onímọ̀ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọwọ́ tọ́ ọmọ ẹyẹ, wọ́n ń kan àpótí mọ́ igi kí wọ́n lè rí ibi yé sí, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ síta fún wọn. Ẹyẹ ń pọ̀ sí i. Nígbà tó di 2005, àrùn bẹ́ sílẹ̀. Ìbátan ayékòótọ́ náà kan wà ní erékùṣù yìí tí ènìyàn kó wá, tó sì ti ń gbé igbó ibẹ̀ láti 1886. Àwọn onímọ̀ rí fáírọ́ọ̀sì náà lára àwọn méjèèjì. Ibi oúnjẹ tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú náà sì ni ẹyẹ púpọ̀ ti ń ya ìgbẹ́ síra wọn.

Wọ́n wá gbìyànjú ìmọ́tótó, wọ́n ń fọ ìtẹ́ àti irinṣẹ́. Èsì tó jáde ní 2019 ní àrùn dín kù lára àwọn ọmọ ẹyẹ, ṣùgbọ́n iye ọmọ tó fò jáde kò pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyẹ yìí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní 2016, àjọ CITES, tó ń rí sí òwò ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀ kò gbọ́. Wọ́n á ti ẹyẹ tó ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá mọ́ inú àgò kan náà, àwọn tí ì bá má pàdé láéláé.

Bàbá kan ra ọ̀kan tàánú-tàánú, wọ́n fẹ́ tú u sílẹ̀ sínú igbó nítorí Ọlọ́run. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná, ká sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, torí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè má hàn nígbà àkọ́kọ́." Inú wọn kò dùn. Wọ́n ní ṣebí ẹyẹ náà ń jẹun dáadáa.