Ìlò àwòrán àti kọ̀ǹpútà nínú ìwádìí ọpọlọ

Ìlò àwòrán àti kọ̀ǹpútà nínú ìwádìí ọpọlọ jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́nsì tí ó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ láìla agbárí, tí ó sì ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àwọn àwòrán náà, tí ó ń ṣe ìṣirò lórí wọn kí ìtumọ̀ wọn lè hàn.

Ìtàn

Ní ọdún 1971, ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn kan fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú London. X-ray ni ẹ̀rọ náà ń lò. Ẹ̀rọ MRI, tí ó tẹ̀ lé e, ń lo agbára òòfà àti ìgbì rédíò. Ní ọdún 1990, Seiji Ogawa, ọmọ ilẹ̀ Japan, fi hàn pé MRI lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ọ́síjìn àti èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dínkù. Èyí ni ìpìlẹ̀ fMRI.

Bí fMRI ṣe ń ṣiṣẹ́

fMRI kì í ya àwòrán èrò. Bí apá kan ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ọ́síjìn a máa ṣàn lọ síbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Kọ̀ǹpútà a pín ọpọlọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ kéékèèké, a ṣe àtúnṣe sí ibi tí orí ti mì, a sì yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò. Àwọ̀ pupa tí a ń rí lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ọpọlọ. Àbájáde ìṣirò ni.

Àṣìṣe nínú ìṣirò

Níbi tí àyẹ̀wò bá ti pọ̀ tó báyìí, èèṣì kò lè ṣàìwáyé. Ní ọdún 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja sáámọ́nù sínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n sì fi fọ́tò àwọn ènìyàn hàn án. Nígbà tí wọn kò ṣe àtúnṣe ìṣirò fún ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, ó dà bí ẹni pé ọpọlọ òkú ẹja náà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é, gbogbo àmì náà pòórá. Ní ọdún 2016, Anders Eklund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ yìí lè mú àbájáde irọ́ jáde ju ìdá 5 nínú 100 tí a ń retí lọ.

Pínpín dátà

Kí ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ yẹ̀ wò, àwọn olùwádìí ń pín dátà wọn. Human Connectome Project ní Amẹ́ríkà ti pín dátà àwọn ọ̀dọ́ tí ó tó 1,200. Láti ọdún 2016 sì ni ìlànà BIDS ti ń sọ bí a ṣe ń to fáìlì àwòrán ọpọlọ àti bí a ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù nínú irú àkójọ wọ̀nyí. Nítorí náà, ohun tí a rí nínú wọn lè má bá gbogbo ènìyàn mu.