Fídíò Ìkíni Màmá

Nígbà tí màmá wa pé 70 ọdún ní oṣù Kẹfà, àwọn ẹbí tó wà ní Kàdúná, Jọs àti Accra fi fídíò kí wọn lórí WhatsApp. Èmi ni wọ́n ní kí n so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo gba DaVinci Resolve sórí láptọ́ọ̀pù mi, torí mo gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé àwọn tó ń ṣe fíìmù ń lò ó. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n RAM 16GB ni àwọn tó ṣe é dámọ̀ràn. 4GB ni tèmi. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì kan, mo lè lọ ro àmàlà kí n tó padà wá bá a.

Ẹni tó ń ṣe fídíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò nílò irinṣẹ́ ńlá. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbé, tí kò sì ní gbàgbé láàárín Iléyá sí Kérésì, ló nílò. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ lò, CapCut rọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà lórí àwọn nǹkan kan nínú rẹ̀. Clipchamp wà nínú Windows 11. Ní ti Premiere Pro, ẹ óò máa sanwó fún oṣù tí ẹ kò fọwọ́ kàn án. Shotcut ni mo padà mú: ọ̀fẹ́ ni, kì í lẹ àmì kankan mọ́ fídíò, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́.

Ẹ má jókòó ti YouTube títí dátà yóò fi tán. Nǹkan mẹ́rin péré ni mo kọ́: kí n gé e (lẹ́tà S ni), kí n tò ó, kí n mú ohùn dọ́gba, kí n gbé e jáde. Ohùn ló ṣòro jù. Ẹnì kan ń pariwo, ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀.

Mo ṣe é dé ìdajì, mo fi í pamọ́, mo sì pa àwọn fídíò ìpilẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà. Mo rò pé wọ́n ti wà nínú iṣẹ́ tí mo fi pamọ́. Wọn kò sí níbẹ̀ o. Ohun tí Shotcut ń fi pamọ́ ni ibi tí fídíò wà àti ibi tí ẹ ti gé e, kì í ṣe fídíò náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i lóṣù Kejìlá, òfìfo ni mo bá.

Àwọn yòókù tún tiwọn fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n màmá tó wà ní Kàdúná, tí wọ́n fi oríkì kí wọn, ti di olóògbé lóṣù Kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá a kí ọmọ wọn kan tó rí i nínú fóònù rẹ̀ àtijọ́.

Ní báyìí, fódà kan ni mo ń dá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo fídíò rẹ̀ ń wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà kan sì wà lórí fíláàṣì. Ní ti oríkì yẹn, n kò gé ìkankan kúrò níbẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti wúkọ́.